Kùfíyà Hirbawi láti Hébúrónì: mo yí i sódì kí n tó wọ̀ ọ́

Òfì ni bàbá mi fi tọ́ wa ní Ìṣẹ́yìn, òun ló sì kọ́ wa pé bí aṣọ tuntun bá wọlé, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ wò. Ojú aṣọ lè tan ènìyàn. Ẹ̀yìn ni ahunṣọ ti ń jẹ́wọ́. Nígbà tí kùfíyà, aṣọ ìwérí àwọn ọmọ Palẹstínì, tí ilé iṣẹ́ Hirbawi hun dé ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní London lóṣù tó kọjá, n kò tíì gbé e kọ́rùn tí mo ti tẹ́ ẹ sórí tábìlì ìgéṣọ, mo yí i sódì, mo tan iná sí i, mo sì mú awò mi.

Ìràwọ̀ márùn-ún ni mo fún un. N óò sọ bó ṣe rí lọ́wọ́, n óò sọ iye tí mo rà á àti bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ fún mi kí n sọ ìtàn rẹ̀ pẹ̀lú, torí ìtàn yẹn gan-an ló mú kí n wá a kiri.

Kì í ṣe kùfíyà àkọ́kọ́ tí mo ní nìyí. Ti àkọ́kọ́, orí àtẹ kan lọ́jà ni mo ti rà á ní pọ́n-ún mẹ́jọ. Wọ́n tẹ àwòrán mọ́ ọn lójú bí ìgbà tí wọ́n ń tẹ àǹkárá, ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì ní nǹkan kan. Òwú kọ́ ni wọ́n fi ṣe é, ọ̀rá ni. Òjò pa mí nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, dúdú rẹ̀ ṣàn sí ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì funfun mi, kò sì fọ̀ kúrò títí di òní.

Bàbá kan wà tó máa ń gbé ṣòkòtò wá fún mi láti gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọ Palẹstínì ni, Haifa ni wọ́n bí àwọn òbí rẹ̀ sí. Òun ló rí aṣọ ọ̀hún lọ́rùn mi. Kò bínú sí mi. Ó fi ìka méjì pa etí rẹ̀ wò bí ẹni tí owó kan kò dá lójú, ó wá bi mí pé, "Ṣebí ìwọ lo sọ fún mi pé ọmọ ahunṣọ ni ọ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ní, "Lọ ra èyí tí wọ́n hun." Lẹ́yìn náà ló jókòó sórí àga tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi nípa fìlà bàbá bàbá rẹ̀.

Bàbá bàbá rẹ̀ kì í wé kùfíyà. Táàbúṣì ló ń dé, fìlà pupa gíga tó ní òwú dúdú gígùn lókè, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fi ń dá ara wọn mọ̀ nígbà tí Tọ́kì ṣì ń ṣàkóso ibẹ̀. Agbẹjọ́rò, akọ̀wé, oníṣòwò ńlá, gbogbo wọn táàbúṣì ni. Kùfíyà, tí wọ́n tún ń pè ní hátà, ti àgbẹ̀ àti darandaran ni. Aṣọ tí wọ́n ń wé kí oòrùn má pa wọ́n lóko ólífì ni, òun ni wọ́n fi ń nu òógùn, òun ni wọ́n fi ń bo imú bí eruku bá ń jà, okùn dúdú ni wọ́n sì fi ń dè é mọ́rí. Bí o bá pàdé ènìyàn lójú pópó Haifa tàbí Jọ́pà ní 1910, orí rẹ̀ á ti sọ ibi tó ti wá fún ọ kí ẹnu rẹ̀ tó sọ ọ́.

Àwọn onítáàbúṣì ló kọ́kọ́ jà, ìwé ni wọ́n sì fi jà. Najib Nassar dá ìwé ìròyìn al-Karmil sílẹ̀ ní Haifa ní 1908. Issa El-Issa àti ìbátan rẹ̀ Yousef dá tiwọn sílẹ̀ ní Jọ́pà ní 1911, wọ́n sì fi orúkọ ilẹ̀ náà pè é: Falastin. Kìrìsìtẹ́nì ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo tẹnu mọ́ ọn torí ọ̀pọ̀ nínú wa, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí, ló gbà pé ìjà ẹ̀sìn ni ọ̀rọ̀ yìí láti ìpìlẹ̀. Ilẹ̀ ni wọ́n ń kọ nípa rẹ̀. Ìdílé Sursuq, olówó tó ń gbé Beirut, ta ilẹ̀ al-Fula fún àwọn Zionist, ìyẹn àwọn Júù tó fẹ́ ní ibùgbé tiwọn ní Palẹstínì, ní nǹkan bí 1910, àwọn àgbẹ̀ tó ń ro ó sì ní láti kó ẹrù wọn. Ẹni tó tà á kò gbé ibẹ̀, ẹni tó ń gbé ibẹ̀ kò sì gba kọ́bọ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá ti bá ọmọ onílẹ̀ dé kóòtù rí mọ bí irú èyí ṣe ń dun ènìyàn tó.

Ní ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá 1917, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí yóò gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ Tọ́kì, fi lẹ́tà Balfour, mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè wọn, ṣèlérí ibùgbé orílẹ̀-èdè fún àwọn Júù ní Palẹstínì. Nínú lẹ́tà yẹn, àwọn Árábù, tí wọ́n pọ̀ ju ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá àwọn tó ń gbé ilẹ̀ náà lọ, kò ní orúkọ. "Àwọn tí kì í ṣe Júù" ni wọ́n pè wọ́n. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, ní 1916, ni àwọn bàbá ńlá wa ní Òkèihò àti Ìṣẹ́yìn dìde sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà. Nítorí náà, nígbà tí bàbá yìí ń sọ tirẹ̀, kò sí ohun tó ní láti túmọ̀ fún mi.

Lákọ̀ọ́kọ́, orílẹ̀-èdè tiwọn nìkan kọ́ ni àwọn Árábù Palẹstínì béèrè. Ìpàdé àpapọ̀ tí wọ́n ṣe ní Jerúsálẹ́mù ní ìbẹ̀rẹ̀ 1919 fẹ́ kí wọ́n rán Palẹstínì mọ́ Síríà, kí ó di aṣọ kan. Ní oṣù keje 1920 ni Faransé lé Faisal, ọba Síríà, kúrò ní Damásíkù, aṣọ yẹn sì ya. Nígbà tí wọ́n tún pàdé ní Haifa ní oṣù kejìlá ọdún náà, ìjọba tiwọn ní ilẹ̀ tiwọn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Bí mo ṣe gbọ́ ọ, ibẹ̀ gan-an ni mo ti rí ìgbà tí wọ́n ṣẹ́tí aṣọ náà. Musa Kazim al-Husayni ló ṣáájú wọn, àgbàlagbà tó ti jẹ́ olórí ìlú Jerúsálẹ́mù rí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, tí wọ́n ń rán ikọ̀ lọ sí London níbí. Ní oṣù kẹwàá 1933, ọlọ́pàá lù ú níbi ìwọ́de ní Jọ́pà. Ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún nígbà náà. Ó kú ní oṣù bíi márùn-ún lẹ́yìn náà.

Gbogbo àsìkò yìí, táàbúṣì ṣì wà lórí àwọn olórí. Ìdílé Husayni àti ìdílé Nashashibi sì ń fa ipò mọ́ ara wọn lọ́wọ́ bí ìdílé ọlọ́ba méjì. Lójú tèmi, ìyẹn ni àìsàn tí ẹgbẹ́ yẹn kò rí oògùn rẹ̀ rí.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ọwọ́ àgbẹ̀ ló yí padà. Ní oṣù kọkànlá 1935, ọlọ́pàá Gẹ̀ẹ́sì pa Izz al-Din al-Qassam nítòsí Yaʿbad. Ọmọ Síríà ni, ó ń wàásù ní mọ́ṣáláṣí kan ní Haifa, àwọn tó sì ń tẹ̀ lé e ni àwọn àgbẹ̀ tó ti pàdánù ilẹ̀, tí wọ́n wá ń ṣe lébírà létí òkun. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, oṣù kẹrin 1936, gbogbo ìlú daṣẹ́ sílẹ̀. Oṣù mẹ́fà gbáko ni ìdaṣẹ́sílẹ̀ náà gbà: ṣọ́ọ̀bù tì, mọ́tò dúró, èbúté Jọ́pà kú. Wọ́n gbé Ìgbìmọ̀ Gíga Árábù kalẹ̀ lábẹ́ Hajj Amin al-Husayni, mùftì Jerúsálẹ́mù. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi bọ́ǹbù wó ọ̀pọ̀ ilé ní àárín ìlú àtijọ́ Jọ́pà. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Peel, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán láti wádìí ọ̀rọ̀ náà, wá ní 1937 tó ní kí wọ́n pín ilẹ̀ náà sí méjì, ogun tún ru, lọ́tẹ̀ yìí nínú oko àti lórí òkè.

Àwọn tó ń jà lórí òkè, kùfíyà ló wà lórí wọn, torí àgbẹ̀ ni wọ́n. Bí wọ́n bá wọ ìlú, sójà Gẹ̀ẹ́sì á ti rí wọn lókèèrè, torí láàárín ọgọ́rùn-ún táàbúṣì pupa, aṣọ kan ṣoṣo tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ kò lè sá pamọ́. Ní oṣù kẹjọ 1938, àwọn olórí ogun pàṣẹ pé kí gbogbo ọkùnrin ìlú bọ́ táàbúṣì, kí wọ́n wé kùfíyà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, dókítà wé e, agbẹjọ́rò wé e, oníṣòwò wé e. Kò sí sójà tó tún lè fi orí mọ olóko yàtọ̀ sí ọmọ ìlú.

Bàbá yìí ní kì í ṣe ìfẹ́ nìkan ni bàbá bàbá òun fi wé e. Ẹ̀rù wà níbẹ̀ pẹ̀lú, torí àwọn tó kọ̀ rí ìjà. Ojú sì ń tì í, ọkùnrin tó kàwé, kí ó máa lọ sí ọ́fíìsì pẹ̀lú aṣọ oko lórí. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wé e, torí abúlé ni òun ti wá. Ó kó táàbúṣì rẹ̀ sínú páálí. Nígbà tí wọ́n ti fọ́ ìdìde náà ní 1939, lẹ́yìn tí Árábù tó kú ti lé ní 5,000, ó yọ ọ́ jáde, ó ń dé e lọ. Ní oṣù kẹrin 1948, nígbà tí Haifa ṣubú sọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Júù, páálí yẹn wà lára ohun tí wọ́n fi sílẹ̀. Kùfíyà ló wà lọ́rùn rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, torí òtútù.

Nígbà tó sọ èyí, mo dá ẹ̀rọ ìránṣọ mi dúró. Mo ti rí kùfíyà nínú tẹlifíṣọ̀n láti kékeré, mi ò mọ̀ pé àṣẹ ló sọ ọ́ di aṣọ gbogbo ènìyàn, mi ò sì mọ̀ pé aṣọ tálákà ni olówó yá wọ̀. Nílé wa, ẹni tó bá fẹ́ ní ọlá ló ń wá sányán àti ẹtù tí àwọn ọba ń wọ̀. Tiwọn, nísàlẹ̀ ni wọ́n ti mú aṣọ wọn.

Ní 1948, nígbà tí wọ́n dá Ísírẹ́lì sílẹ̀, ó lé ní 700,000 ọmọ Palẹstínì tí wọ́n lé kúrò tàbí tí wọ́n sá kúrò ní ilé wọn, ọ̀pọ̀ abúlé ni wọ́n sì wó. Wọ́n ń pè é ní Nakba, ìyẹn àjálù. Àgbẹ̀ di ẹni tó ń to ìlà gba ìyẹ̀fun nínú àgọ́. Àwọn ọmọ tó dàgbà nínú ìyẹn ló tún ẹgbẹ́ náà dá: ní nǹkan bí 1959, ní Kùwéètì, ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Yasser Arafat àti Khalil al-Wazir pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ wọn dá ẹgbẹ́ Fatah sílẹ̀. Àwọn ìjọba Árábù dá PLO, àjọ ìdáǹdè Palẹstínì, sílẹ̀ ní 1964, wọ́n fi agbẹjọ́rò Ahmad Shuqayri ṣe olórí rẹ̀. Lẹ́yìn ogun 1967 tí àwọn ìjọba wọ̀nyẹn pàdánù fún Ísírẹ́lì, àti ìjà tí Fatah bá sójà Ísírẹ́lì jà ní Karameh ní oṣù kẹta 1968, àwọn ọmọ Fatah gba PLO náà. Arafat di alága ní 1969. Ní oṣù kọkànlá 1974, ó dúró níwájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní New York, kùfíyà dúdú àti funfun lórí rẹ̀. Àwọn ènìyàn ní ó máa ń ká a kí ó lè sọ̀kalẹ̀ sí èjìká rẹ̀ ọ̀tún bí àwòrán ilẹ̀ Palẹstínì.

N kò ní ta aṣọ yìí fún yín bí ẹni pé kò ní àbàwọ́n. Leila Khaled, obìnrin ajìjàgbara Palẹstínì, wé e mọ́rí nínú fọ́tò tó yí ayé ká, ó sì gba ọkọ̀ òfuurufú lọ́nà ní 1969. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọmọ Palẹstínì tó ní ìbọn pa eléré ìdárayá àti olùkọ́ eléré Ísírẹ́lì mọ́kànlá ní Munich. Ní Hébúrónì tí kùfíyà mi ti wá, wọ́n pa Júù 67 ní oṣù kẹjọ 1929, nígbà tí àwọn aládùúgbò wọn mìíràn tó jẹ́ Mùsùlùmí ń fi ẹlòmíràn pamọ́ sínú ilé. Mo béèrè èyí lọ́wọ́ bàbá náà gbangba. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Àwọn tó pa ènìyàn, tiwa ni wọ́n. Àwọn tó fi ènìyàn pamọ́ náà, tiwa ni." Mo bọ̀wọ̀ fún un torí kò fi ọ̀kan bo èkejì.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí tábìlì.

Onígun mẹ́rin ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ńtímítà 120 ní ìbú àti ní òró. Òwú gidi ni. Mo fa fọ́nrán kan yọ ní etí, mo tanná ràn án, ó jó di eérú fúlẹ́fúlẹ́, kò yọ́ bí ọ̀rá, òórùn rẹ̀ sì dà bí ti bébà. Ilẹ̀ aṣọ náà funfun, ó fẹ́lẹ́, ìyẹn ni kò fi ń mú ènìyàn làágùn. Òwú dúdú tó ń ṣe iṣẹ́ ọnà ki díẹ̀ ju ti ilẹ̀ lọ, nítorí náà bí o bá fi àtẹ́lẹwọ́ pa á, wàá mọ iṣẹ́ ọnà tó dà bí àwọ̀n yẹn lára láìlajú. Ní ẹ̀yìn, òwú dúdú yẹn ń fò láti ojúlé kan dé èkejì, o lè fi èékánná gbé e. Ẹ wo ibẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ rà á: bí ẹ̀yìn bá ṣófo, àtẹ̀sójú ni, ẹ fi sílẹ̀. Etí rẹ̀ méjì ní wájawàja, wọ́n sì lọ́ ọ dáadáa. Mo rí ibì kan tí òwú ti já tí wọ́n so ó padà. N kò kà á sí àléébù. Ẹni tó ń ṣọ́ òfì rí i, ó dá a dúró, ó so ó.

Ní 1961 ni Yasser Hirbawi dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Hébúrónì. Ẹ̀rọ ìhunṣọ Suzuki láti Jàpáàn ló rà. Suzuki tí gbogbo wa mọ̀ mọ́ ọ̀kadà, ẹ̀rọ ìhunṣọ ló fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1909. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ yẹn ló ṣì ń hun aṣọ náà. Nígbà Intifada, ìdìde àwọn ọmọ Palẹstínì sí Ísírẹ́lì, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejìlá 1987, tí gbígbé àsíá Palẹstínì sókè lè gbé ènìyàn dé ẹ̀wọ̀n, kùfíyà ni wọ́n fi dípò àsíá. Lẹ́yìn àdéhùn Oslo láàárín Ísírẹ́lì àti PLO ní 1993 ni ọjà òkèèrè ya wọlé, kùfíyà olówó pọ́ọ́kú láti Ṣáínà sì gba ọjà mọ́ wọn lọ́wọ́, títí púpọ̀ nínú ẹ̀rọ wọn fi dákẹ́. Ohun tó ṣe àwọn ahunṣọ Ìṣẹ́yìn nígbà tí aṣọ òkè ẹlẹ́rọ dé nìyẹn gẹ́lẹ́. Pọ́n-ún mẹ́jọ tí mo san lórí àtẹ yẹn, mo ti mọ ẹni tí mo fi jẹ níyà báyìí. Láti ìparí 2023 tí ogun Gásà ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ń fẹ́ ojúlówó ti pọ̀ ju ohun tí wọ́n lè hun lọ, nítorí náà ẹ múra láti dúró.

Àwọn kan máa sọ fún yín pé àwọ̀n ara rẹ̀ ni àwọ̀n apẹja, pé ìlà rẹ̀ tó wé bí ewé ni ewé ólífì, pé ìlà dúdú gbọọrọ etí rẹ̀ ni ọ̀nà àwọn oníṣòwò ayé àtijọ́. Bí ọmọ ahunṣọ, èrò mi ni pé iṣẹ́ ọnà ló kọ́kọ́ dé, ìtumọ̀ ló tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa. Ìyẹn kò sọ ìtumọ̀ náà di irọ́. Bí ìran mẹ́ta bá ti wo ewé ólífì lára aṣọ kan, ewé ólífì ló wà níbẹ̀.

Mo rà á díẹ̀ dín ní ogójì pọ́n-ún, pẹ̀lú owó ìfiránṣẹ́. Ó pẹ́ kí ó tó dé, ọ̀sẹ̀ márùn-ún, àwọn tó gbé e wá sì fi í sílẹ̀ níta nínú òjò. Ọ̀rá tí wọ́n dì í sí kò jẹ́ kí omi wọ inú rẹ̀. Omi tútù ni mo fi fọ̀ ọ́, pẹ̀lú ọṣẹ díẹ̀, lọ́tọ̀, mo sá a síbi tí oòrùn kò dé. Dúdú rẹ̀ kò ṣí. Ẹ má fi í sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, yóò fa wájawàja rẹ̀ lọ́pọ̀. Ìgbà òtútù, ẹ ká a sí onígun mẹ́ta, kí ṣóńṣó rẹ̀ wà níwájú, kí ẹ fi etí méjèèjì yí ọrùn ká. Bí bàbá yẹn ṣe kọ́ mi nìyẹn. Ó tún un ṣe fún mi lọ́rùn fúnra rẹ̀, ó fa apá òsì sílẹ̀ díẹ̀, kò sọ̀rọ̀.

Mo ti ra èkejì. Mo fi í ránṣẹ́ sí àbúrò bàbá mi ní Ìṣẹ́yìn, ẹni tó ṣì ń jókòó nídìí òfì bó ti wù kí ẹ̀yìn máa dùn ún tó. Nígbà tó dé ọwọ́ rẹ̀, ó pè mí lórí WhatsApp, mo sì rí i tó ti tẹ́ ẹ sórí itan, ẹ̀yìn lókè. Ó bi mí irú òfì tí wọ́n fi hun ún. Mo wá fídíò ilé iṣẹ́ náà, mo gbé fóònù kejì sún mọ́ ọn kí ó gbọ́: ariwo ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, gbà-gbà-gbà, ọ̀kọ̀ ń sá lọ sá bọ̀. Ó tẹ́tí sí i títí ó fi parí. Lẹ́yìn náà ló sún mọ́ fóònù, ó ní, "Tún un gbé, Akin. Ọ̀kan nínú wọn kò bá àwọn yòókù rìn."